Bí Ẹ Ṣe Lè Jẹ Èrè Èdè Òkèèrè Tí Ẹ Ń Kọ́ ní Yunifásítì

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń wọ kíláàsì èdè òkèèrè ní yunifásítì nítorí pé ìlànà ẹ̀ka wọn ní dandan ni, wọ́n á sì pa á tì ní ọjọ́ tí wọ́n bá jáde nínú ìdánwò tó kẹ́yìn. Ní ọdún méjì sí i, ohun tó kù lẹ́nu wọn kò ju bí a ṣe ń kí ènìyàn káàárọ̀ àti bí a ṣe ń ka oókan dé ẹ̀wá lọ. Irú wọn ló sábà máa ń sọ pé kíkọ́ èdè àjèjì kò wúlò fún nǹkan kan. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Èrè wà nínú rẹ̀, ó sì pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èrè tó ń wá bá ènìyàn lórí àga ìjókòó. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà, kí ó sì tọ̀ ọ́ lọ. Ọ̀nà ibẹ̀ ni mo fẹ́ fi hàn yín, láti ọjọ́ tí ẹ bá ń yan èdè títí di ọjọ́ tí ẹ ó gba ìwé ẹ̀rí.

Ìdí tí mo fi dárúkọ yunifásítì ni pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọjọ́ orí tí ènìyàn kò lè kọ́ èdè, ohun mẹ́rin tó ṣòro láti rí lójú kan náà ló wà níbẹ̀: olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tún àṣìṣe yín ṣe, àwọn ẹlẹgbẹ́ tí wọ́n ń ṣe irú àṣìṣe kan náà, ilé ìkàwé tí ẹ kò ní sanwó kí ẹ tó ka ìwé inú rẹ̀, àti àyè láti lọ lo oṣù díẹ̀ tàbí ọdún kan níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè náà. Nígbà tí ènìyàn bá ti di òṣìṣẹ́, tó sì ní ìdílé lọ́rùn, owó ni yóò máa fi wá ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn nǹkan wọ̀nyí, àkókò tí yóò fi lò wọ́n kò sì ní sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ so èdè náà mọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹ torí rẹ̀ wá

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé, "Èdè wo ló dára jù láti kọ́?" Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn, nítorí pé ó gbàgbé ẹni tó ń béèrè. Ẹ bi ara yín báyìí dípò rẹ̀: nínú iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe, àwọn wo ló ti ṣe é dáadáa ṣáájú mi, èdè wo ni wọ́n sì fi kọ ọ́ sílẹ̀? Àwọn wo ni n ó máa bá ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ọdún 10 sí i, èdè wo ni wọ́n sì ń bá ara wọn sọ nígbà tí àlejò kò bá sí láàárín wọn?

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ òfin, fún àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1993, àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn ní Port Louis, èyí tó bí àjọ OHADA, kí òfin ìṣòwò wọn lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Orílẹ̀-èdè 17 ló wà nínú rẹ̀ báyìí, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń lo èdè Faransé. Òtítọ́ ni pé wọ́n ń túmọ̀ àwọn òfin náà sí èdè mìíràn, ṣùgbọ́n bí ìtumọ̀ méjì bá ta ko ara wọn, ti Faransé ni ó lékè. Agbẹjọ́rò tí kò lè ka Faransé yóò máa dúró de ẹlòmíràn kí ó tó mọ ohun tí òfin náà sọ gan-an, oníbàárà rẹ̀ yóò sì máa sanwó ìdúró náà. Ẹni tó bá kọ́ èdè yìí pọ̀ mọ́ òfin ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fi wà ní yunifásítì ti ní ohun tí ìwé ẹ̀rí òfin nìkan kò lè fún un.

Ti oníṣègùn tún yàtọ̀. Dókítà tó kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ mìíràn, tó sì fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Jámánì, gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè Jámánì dé ìpele tí wọ́n ń pè ní B2, ìkẹrin nínú ìpele mẹ́fà tí wọ́n fi ń wọn èdè ní Yúróòpù, lẹ́yìn náà ni yóò tún ṣe ìdánwò èdè ìṣègùn, níbi tí yóò ti fi ọ̀rọ̀ wá aláìsàn lẹ́nu wò, tí yóò kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, tí yóò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń jókòó ti ìwé àkọ́bẹ̀rẹ̀ èdè Jámánì, lẹ́yìn iṣẹ́ òru, pẹ̀lú oorun lójú. Ìwé kan náà wà ní yunifásítì wọn nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ ogún ọdún.

Owó ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì ìjọba ní Jámánì kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ibi yòówù tí ó ti wá. Owó sáà tí kò tó nǹkan ni wọ́n ń san. Ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ló yàtọ̀ gedegbe, tó jẹ́ pé láti ọdún 2017 ni ó ti ń gba 1500 euro fún sáà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó wá láti òde Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ṣùgbọ́n èdè Jámánì ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀kọ́ oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò gbọ́ èdè náà yóò kàn máa wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ni.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan níhìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ọ̀rọ̀ mi ṣìnà. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ni èdè mìíràn jẹ́ kọ́kọ́rọ́ sí. Èdè Jámánì ni Einstein fi kọ àwọn ìwádìí rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1905, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ àwọn onífísíìsì fi ń kọ ìwádìí wọn lónìí. Ẹni tó ń kọ́ físíìsì kò nílò Jámánì láti ka ìwádìí tuntun. Ohun tí yóò rí nínú rẹ̀ ni àyè sí yàrá ìwádìí àti ìgbé ayé tó rọrùn láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ti ẹni tó ń kọ́ fílọ́sọ́fì kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí Kant àti Hegel, àwọn onífílọ́sọ́fì tó fi èdè Jámánì kọ̀wé, lò gan-an ni àwọn ènìyàn ń jiyàn lé lórí, ohun tí olùtúmọ̀ kan sì pè é kọ́ ni èkejì pè é. Ní ti ẹni tó bá ń fojú sí iṣẹ́ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, èdè mẹ́fà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń lò: Lárúbáwá, Ṣáínà, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Rọ́ṣíà àti Sípéènì; ọdún 1973 ni wọ́n fi Lárúbáwá kún un. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni èdè iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní ọ́fíìsì àjọ náà.

Bí èdè méjì bá dọ́gba lójú yín lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ mú èyí tí ọkàn yín fà sí. Èdè gba sùúrù ọdún púpọ̀, sùúrù kì í sì í pẹ́ lórí ohun tí ènìyàn kò fẹ́ràn.

Ẹ ṣírò wákàtí yín kí ẹ tó dá èdè lẹ́bi

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ ní èdè, Foreign Service Institute, ti ṣe ìṣirò fún ọ̀pọ̀ ọdún nípa iye wákàtí tí ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń lò kí ó tó lè fi èdè mìíràn ṣiṣẹ́. Faransé tàbí Sípéènì ń gba nǹkan bí wákàtí 600 sí 750 nínú kíláàsì. Swahili ń gba nǹkan bí 900. Lárúbáwá, Ṣáínà, Jàpáànì àti Kòríà ń gba 2200. Àgbàlagbà ni àwọn tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe lásìkò náà ju èdè tí wọ́n ń kọ́ lọ.

Ẹ wá wo ti yunifásítì. Ká ní kíláàsì wákàtí 3 lọ́sẹ̀ ni, tí sáà kan sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13, wákàtí 39 péré nìyẹn. Ẹni tó bá ṣe é fún ọdún kan ti jókòó fún wákàtí 78. Wákàtí 78 kò tó ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá! Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ pé òun kọ́ Faransé fún odidi ọdún kan tí kò sì wọ òun lórí, mo máa ń fẹ́ kí ó mọ̀ pé orí rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Kò tíì lo àkókò tí èdè náà ń béèrè ni. Bí ó bá tilẹ̀ ṣe é fún sáà 8 gbáko, wákàtí 312 ni, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì iye tó kéré jù fún Faransé lọ, tó sì jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú méje ohun tí Ṣáínà ń gbà.

Ibi tí ẹ ó ti rí ìyókù ni ìṣẹ́jú 45 lójoojúmọ́ ní òde kíláàsì. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan ó ti di nǹkan bí wákàtí 274, láàárín ọdún mẹ́rin ó ti kọjá 1000. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ẹ má ṣe kó o jọ di ọjọ́ Sátidé. Ìṣẹ́jú 45 lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ, nítorí pé ohun tí a bá pàdé ní ọjọ́ méje ni orí ń kà sí ohun tó ṣe pàtàkì. Ọdún kìíní ni kí ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó bá dúró di ọdún kẹta máa ń rí i pé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá ti gba gbogbo àyè tó kù.

Etí àti ẹnu ṣáájú ojú

Ní ọdún àkọ́kọ́ mi nínú èdè Faransé, ojú nìkan ni mo fi kọ́ ọ. Mo lè kọ ìsọ̀rí ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ láìwo ìwé, máàkì mi sì ń dára. Nígbà tí ó wá di ìdánwò àfẹnuṣe, olùdánwò ní kí n ṣàpèjúwe ibi tí mo ń gbé. Mo fẹ́ sọ pé òpópónà wa gùn. Rue ni wọ́n ń pe òpópónà. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni roue, tó túmọ̀ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀, èyí tó ń yí nílẹ̀. Obìnrin náà fi sùúrù pe ọ̀rọ̀ náà fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì pè é tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹta, ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò sì sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé. Etí mi ni kò gbọ́ ìyàtọ̀ náà rárá, nítorí pé fáwẹ̀lì yẹn kò sí nínú èdè tí mo fi dàgbà.

Olùkọ́ mìíràn ló padà fi bí wọ́n ṣe ń pè é hàn mí, n ó sì sọ ọ́ fún yín bí ó ṣe sọ ọ́ fún mi. Ẹ dúró níwájú dígí. Ẹ pe í, kí ẹ sì fà á gùn. Ahọ́n yín wà níwájú, ó ga sókè. Ẹ má ṣe gbé e kúrò níbẹ̀. Láìdá ohùn dúró, ẹ ká ètè jọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ súfèé. Ohùn tí ẹ ó gbọ́ nígbà tí ètè bá ti ká tán ni fáwẹ̀lì inú rue. Bí ahọ́n bá sá sẹ́yìn pẹ́nrẹ́n, ú ni yóò jáde, ẹ ti bọ́ sínú roue nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe èyí láràárọ̀ kí ahọ́n mi tó gbà. Irú fáwẹ̀lì yìí náà ló wà nínú èdè Jámánì níbi tí wọ́n bá ti kọ ü, nítorí náà ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n fún ọ̀kan ti mọ̀ ọ́n fún méjì.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, tó sì ń kọ́ Ṣáínà, ti mú ohun kan lọ́wọ́ wá tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní. Wọ́n máa ń ya ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sọ́tọ̀ láti fi yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù pé ohùn lè yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà, pé mā ni ìyá, mǎ sì ni ẹṣin, mà sì ni kí á bá ènìyàn wí. Ẹni tó ti mọ ìyàtọ̀ igbá, igba àti ìgbà kò nílò àlàyé yẹn. Àmọ́ ewu kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Àmì ohùn tiwọn kì í ṣe tiwa. Ohùn òkè tiwa jọ ohùn wọn àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń fi ìlà gbọọrọ sórí rẹ̀. Àmì tó jọ ti ohùn òkè wa, bíi ti má, ń sọ pé kí ohùn gbéra láti àárín lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni àmì tó jọ ti ohùn ìsàlẹ̀ ń sọ pé kí ó já láti òkè wá sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi etí gbọ́ ọ, kí ẹ tó gba àmì gbọ́.

Fóònù ọwọ́ yín ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ wá ohùn ẹni tó ni èdè, ìṣẹ́jú kan péré, ẹ sọ ọ́ tẹ̀ lé e gbólóhùn kan sí òmíràn, ẹ ka ohùn tiyín sílẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ méjèèjì pa pọ̀. Kì í dùn gbọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dúró lórí

Ní ọdún 1885, Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìrántí, èyí tó fi ara rẹ̀ ṣe. Ó rí i pé wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a kọ́ nǹkan ni ìgbàgbé máa ń yára jù, pé bí a bá sì tún un kà léraléra, ìgbàgbé náà á máa falẹ̀ sí i. Ní ọdún 1972, Sebastian Leitner, tí òun náà ń fi èdè Jámánì kọ̀wé, sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ènìyàn lè fi ọwọ́ ṣe: àpótí kékeré kan tó ní yàrá márùn-ún, àti káàdì. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí ojú kan, ìtumọ̀ sí èkejì. Gbogbo káàdì tuntun ń wọ yàrá kìíní, ẹ ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Èyí tí ẹ bá gbà á lọ sí yàrá kejì, tí ẹ ó máa yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta. Bó ṣe ń sún síwájú ni ìgbà àyẹ̀wò rẹ̀ ń jìnnà síra. Èyí tí ẹ bá ṣì yóò padà sí yàrá kìíní, ibi yòówù tó ti dé. Ètò kọ̀ǹpútà bíi Anki ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn páálí àti bíró, nítorí pé ọwọ́ tó kọ ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rántí rẹ̀.

Ohun tó ń ba àpótí yìí jẹ́ ni kíkọ ọ̀rọ̀ ní òun nìkan. Ẹ kọ gbólóhùn kúkurú tó ní ọ̀rọ̀ náà nínú. Nínú èdè tó bá ń pín ọ̀rọ̀-orúkọ sí akọ àti abo, ẹ má kọ rue láé láìkọ la, tó ń fi hàn pé abo ni, ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ láìkọ ẹ̀yà rẹ̀ yóò tún padà wá kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ sì fi ìlà pupa sí ọ̀rọ̀ tó bá dà bí èyí tí ẹ ti mọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Gift ní Jámánì kì í ṣe ẹ̀bùn, májèlé ni. Actuellement ní Faransé kò túmọ̀ sí "ní tòótọ́", "lọ́wọ́lọ́wọ́" ló túmọ̀ sí, ẹni tó bá sì ṣì í lò nínú ìwé iṣẹ́ ti yí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ padà láìmọ̀. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù ló ń gbé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìwé kíkà lásán ró, nítorí náà àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Èrè tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kì í kọ sínú ìwé ìlànà rẹ̀

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé èdè àjèjì máa ń jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ èdè ara rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní òǹkà Faransé, gbogbo kíláàsì ló ń ráhùn pé kí ló dé tí 80 fi jẹ́ quatre-vingts, ogún mẹ́rin. Mo dákẹ́, nítorí pé nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ là yé mi ni: ọgọ́rin tiwa náà, ogún mẹ́rin ni. Ọgọ́ta, ogún mẹ́ta. Láti ìgbà èwe ni mo ti ń pè é, mi ò sì tíì gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ rí àfi ìgbà tí èdè ẹlòmíràn fi í hàn mí. Nígbà tí a dé 90, ọ̀nà wá pín: Faransé fi mẹ́wàá lé ogún mẹ́rin, Yorùbá yọ mẹ́wàá kúrò nínú ogún márùn-ún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tu àti vous. Ẹlẹgbẹ́ mi tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́ kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ bíi pé ọ̀pọ̀ ni. Ìwọ àti ẹ̀yin ti wà lẹ́nu mi kí n tó mọ̀wé. Ibi tí èmi ti ṣì í ni pé mo rò pé ọjọ́ orí nìkan ló ń pín wọn. Láàárín àwọn tó ń sọ Faransé, àgbàlagbà méjì tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, tí wọn kò mọ ara wọn rí, vous ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ ó rí i pé ìwé tí ẹ ń kọ ní èdè yín gan-an yóò máa dára sí i, nítorí pé ẹ ti ń rí egungun tó gbé gbólóhùn dúró.

Ní ti ọpọlọ, ẹ ó gbọ́ pé èdè méjì ń lé àrùn ìgbàgbé sẹ́yìn. Ìwádìí kan tí Ellen Bialystok àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Kánádà, tó jáde ní ọdún 2007, rí i pé láàárín àwọn aláìsàn tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ wọn wò, àmì àrùn náà fara hàn ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin pẹ́ sí i lára àwọn tó ti ń sọ èdè méjì láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn onímọ̀ mìíràn ṣì ń jiyàn lé e lórí. Lójú tèmi, kì í ṣe ìdí tó yẹ kí ọmọ ogún ọdún torí rẹ̀ wọ kíláàsì.

Ìrìn-àjò àti ìwé ẹ̀rí

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé yunifásítì ni kí ẹ lọ bi ọ́fíìsì tó ń rí sí pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ léèrè nípa àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní àdéhùn pẹ̀lú. Ìwé ìbéèrè sábà máa ń parí ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ìrìn-àjò náà, wọ́n sì sábà máa ń béèrè ìpele B1 tàbí B2. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọdún kẹta ti pẹ́ jù. Ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní Erasmus ti wà ní Yúróòpù láti ọdún 1987, DAAD, àjọ pàṣípààrọ̀ ti Jámánì, sì ti wà láti 1925. Tí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ má ṣe gbé pẹ̀lú àwọn tó ń sọ èdè yín. Mo mọ bí ó ṣe ń tuni lára tó láti gbọ́ ohùn ilé lẹ́yìn ọjọ́ tó gùn, ṣùgbọ́n ibùsùn ni kí ẹ fi í sí, lórí fóònù, kì í ṣe nínú ilé ìdáná níbi tí ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ti ń ṣẹlẹ̀.

Ìpele tí mo ń dárúkọ yìí wá láti inú ìlànà tí Council of Europe tẹ̀ jáde ní ọdún 2001, láti A1 fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dé C2. B2 ni ibi tí ọ̀pọ̀ yunifásítì àti ilé iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún yín, nítorí pé ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè jiyàn, kí ó sì ka ìwé tó le láìdúró lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ ṣe ìdánwò náà ní ọdún tó kẹ́yìn, kí ẹ tó kúrò, nígbà tí ẹnu yín ṣì ń gbóná. Ẹ béèrè bí ìwé ẹ̀rí náà ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ tó sanwó: nínú ìdánwò èdè Faransé, ti DELF kì í kú, ti TCF sì ń parí lẹ́yìn ọdún méjì. Ti Jàpáànì, JLPT, ní ìpele márùn-ún, N5 ló rọrùn jù, N1 ló le jù. Oṣù Keje àti oṣù Kejìlá ni wọ́n ń ṣe é, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìlú ló ń ṣe méjèèjì. Nínú ìwé ìwáṣẹ́ yín, ẹ má kọ pé ẹ "gbọ́ Faransé dáadáa". Ẹ kọ orúkọ ìdánwò, ìpele àti ọdún, kí ẹ sì kọ ohun kan tí ẹ ti fi èdè náà ṣe: ìwé òfin tí ẹ túmọ̀, oṣù mẹ́rin tí ẹ lò nílé ìwòsàn kan, àpilẹ̀kọ tí ẹ fi ìwé Jámánì kọ.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti jáde, ìṣẹ́jú 20 lójoojúmọ́ ti tó láti má ṣe pàdánù rẹ̀: ìròyìn òwúrọ̀ ní èdè náà, àti àpótí. Tèmi ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Igun rẹ̀ kan ti ya, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Káàdì la rue ti pẹ́ ní yàrá karùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń kàn án, mo sì máa ń pè é sókè kí n tó yí i padà.